Ọjọ́ Tí A Ṣe Fàájì ní Kataníà

                                        Ojúlé Kọkànlá, Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2018.

Monílọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́? Orúnkún rẹ tí ó ń dùn ọ́ nígbà tí a ríra kẹ́yìn, ṣé ó ti gba ìtọ́jú? Ṣé Precious ti sọ̀ kalẹ̀, àbí ẹ ṣì ń retí? Bàbá Precious ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí ẹlòmíràn bá òun gun igi kòkó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi? Bí gbogbo yín bá wà ní àlàáfíà, mo bá yín dúpẹ́. Ní tiwa níhìn-ín, a wà láàyè. N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jíbọ́lá jíṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní o rí fọ́tò èmi àti Bàbá Kìtán lórí fóònù ẹnì kan ní Oǹdó, níbi tí a ti dúró níwájú ère erin kan, tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ní o tún rí òmíràn tí a jókòó ti tábìlì aláṣọ funfun, tí oúnjẹ kún iwájú wa. Ó ní o ní Agnes lọ jayé ní Ítálì, kò tilẹ̀ dágbére fún ọ. Ó ní àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan náà ń sọ ọ́, pé ní irú àkókò tí gbogbo wa ń fi ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé bọ́ ọmọ yìí, níbo ni Akíntóyè àti ìyàwó rẹ̀ ti rí owó ọkọ̀ òfurufú? N kò bínú sí ọ. Bí èmi náà bá rí fọ́tò yẹn, ohun tí n ó rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ó yẹ kí o máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ọlọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lẹ́yìn ìsìn òní, láti sọ ọ́ fún ọ bí ó ti rí gan-an.

O mọ Kìtán. Ìwọ ni o pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nínú oòrùn, nígbà tí mo ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oǹdó, tí ó ń ké tí ohùn rẹ̀ ń wọlé bá mi. Ohun tí a ń sọ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún méjì sẹ́yìn ni pé Kìtán wà ní Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Irọ́ ni. Lẹ́yìn tí ó ti kó ìwé ẹ̀rí kiri Àkúrẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tí ó gun ọ̀kadà títí tí wọ́n fi jí ọ̀kadà náà gbé, òun àti Dúrótoyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gba ọ̀nà Kánò lọ sínú aṣálẹ̀, wọ́n ń lọ sí Líbíà kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì. Ìyá Dúrótoyè ni Bísọ́dún, opó kan tí ó ń dáko ní Ilu-Abo. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní nìyẹn.

Bàbá Kìtán kò súre fún un. Ó ní ẹnu òun kò ní súre fún ọmọ tí ó fẹ́ lọ kú sínú iyanrìn. Ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, Kìtán kúnlẹ̀ níwájú ìlẹ̀kùn náà títí ó fi sú u. Èmi ni mo rán nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀ mọ́ inú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo fi ọ̀rá wé e, mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi rán an pa. Mo bá Dúrótoyè náà rán nọ́ńbà Bísọ́dún mọ́ tirẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Oṣù kẹfà ọdún tí ó kọjá ni a gbúròó wọn kẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti dé etí òkun.

Nínú oṣù kejìlá, obìnrin kan pe Bàbá Kìtán. Ó ní Sherifat ni orúkọ òun, ọmọ Àkúrẹ́ ni òun, ṣùgbọ́n ìlú Kataníà ní ilẹ̀ Ítálì ni òun ń gbé. Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ó ń wá orúkọ fún àwọn tí omi bá gbé jáde. Ọkọ̀ kan rì, wọ́n kó òkú jọ, wọ́n sì bá nọ́ńbà yìí nínú ṣòkòtò ọ̀kan nínú wọn. Bàbá Kìtán gbé fóònù náà fún mi, ó jáde síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko tí kò sí níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ni ó san owó ọkọ̀ wa, àwọn ni wọ́n sì bá wa wá ìwé àṣẹ. Pásítọ̀ wa àti Bísọ́dún nìkan ni a sọ fún. Bísọ́dún ni ó ń wá láti Ilu-Abo ní ọjọ́ kejì ọjọ́ kejì, tí ó ń se ògì fún mi, tí ó ń nu ojú mi. Nígbà tí a sì ń lọ, òun ni ó bá wa dúró ti adìyẹ àti ilé.

Ọjọ́ Àìkú ni a gúnlẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún wa láti wá sí ọ́fíìsì tí wọ́n kó ẹrù àwọn òkú sí. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni Bàbá Kìtán ti wọ kóòtù tí ó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Ìgbà tí Sherifat dé, kò lè wo ojú wa. Ó ní ẹni tí ó fún wa lọ́jọ́ kò wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ náà ni ọdún ẹni mímọ́ tí ó ni ìlú náà, gbogbo ọ́fíìsì ni wọ́n ti tì, ó di ọ̀la. Bàbá Kìtán jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà. Sherifat wò wá títí, ó ní, "Màmá, Bàbá, mi ò lè fi yín sínú yàrá yìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jáde, kí ilẹ̀ lè tètè ṣú."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ fàájì wa.

Monílọ́lá, ìlú náà lẹ́wà, n kò ní purọ́ fún ọ. Òkúta dúdú ni wọ́n fi tẹ́ ìgboro, ó ń dán bí ìkòkò tí a fọ̀ tán. Ilé wọn ga, wọ́n fín òdòdó àti orí ènìyàn sára ògiri. Gbogbo ìlú ni ó tú síta, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n wọ aṣọ funfun balẹ̀ bíi tiwa nínú kuáyà, wọ́n dé fìlà dúdú. Àwọn ọkùnrin ń ru àbẹ́là lé èjìká, èyí tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí ó wúwo tí ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́rùn ba. Sherifat ní ohun tí kálukú bá fẹ́ tọrọ ni ó ń ru àbẹ́là rẹ̀ sí. Mo bi í léèrè bóyá àlejò lè ru. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Iwájú erin tí o rí nínú fọ́tò yẹn ni a kọ́kọ́ dúró. Òkúta dúdú ni erin náà, ó ru òpó òkúta lé ẹ̀yìn, òun ni wọ́n fi ń ṣe àmì ìlú. Sherifat ní kí a dúró kí òun yà wá ní fọ́tò. Ó ní, "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Mo la ẹnu bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹ rí ní Oǹdó nìyẹn. Sherifat fi í sórí fóònù rẹ̀ kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lè rí i, pé òun gba àlejò láti ilé. Kò ro ibi sí i, ọmọ dáadáa ni.

Ibẹ̀ ni a ti yí ojú sí òkè, tí Bàbá Kìtán dúró ṣánṣán sí àárín títì. Ní òpin ìgboro náà lọ́hùn-ún, òkè oníná kan yọ, yìnyín funfun bò ó láti orí dé àyà, èéfín sì ń rú jáde lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. O mọ̀ pé jọ́gíráfì ni ó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìyá Kìtán, wò ó! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń yà á sójú bọ́ọ̀dù. Wò ó, òun gan-an nìyí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí iná ṣe ń gbé inú ilẹ̀, bí òkúta ṣe ń yọ́ bí epo, òkúta dúdú tí a dúró lé yìí pàápàá, inú òkè yẹn ni ó ti ṣàn wá. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ kékeré. Ó ti tó oṣù méjì tí n kò ti rí ojú yẹn. Ó ní, "Àwòrán tí ó wà ní kíláàsì mi, Kìtán ni ó bá mi kun iná rẹ̀ ní pupa, ó wà ní Pírámárì Mẹ́ta nígbà..." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn sí òkè náà, kò sì wò ó mọ́ títí a fi kúrò ní ìlú yẹn.

Sherifat mú wa gba inú ọjà ẹja kọjá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ń fẹ́ rí. Àwọn ọkùnrin ń pariwo ọjà, wọ́n ń da omi sórí ẹja tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òmíràn tó ènìyàn ní gígùn, ojú wọn là sílẹ̀. Mo wo ẹja wọ̀nyẹn, èrò kan wọ inú mi. Kí ni wọ́n ń jẹ nínú omi yẹn? Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì fi ẹja kan ẹnu.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, a wọ ilé oúnjẹ kan. Ibẹ̀ ni fọ́tò kejì. Sherifat ti bá ọkùnrin tí ó ni ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, mo rí i bí ọkùnrin náà ṣe ṣí fìlà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá, ó ní òun kò ní gba kọ́bọ̀: ìrẹsì tí wọ́n ká rogodo bí àkàrà tí wọ́n sì dín, makaróní pẹ̀lú tòmátò àti ìgbá dúdú ńláńlá, búrẹ́dì, òróró, wáìnì. Bàbá Kìtán ń jẹ. Ó jẹ ti iwájú rẹ̀ tán, ó fa tèmi mọ́ra. Inú bí mi sí ọkọ mi, Monílọ́lá, bí kò ti bí mi rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Mo ní, "Bàbá Kìtán, ó dùn?" Ó gbé ojú sókè, ẹnu rẹ̀ kún. Ó ní, "Agnes, bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ yìí, igbe ni n ó ké. Jẹ́ kí n máa jẹ ẹ́." Nígbà náà ni mo rí i pé omi ń ti ojú rẹ̀ ṣàn sínú àwo, ó sì ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn.

Èyí tí ó gbé wá kẹ́yìn ni àkàrà òyìnbó kékeré kan, ó funfun, ó rí róbótó, èso pupa kan wà lórí rẹ̀. Ọmú ni. Mo bi Sherifat bóyá ojú mi ni. Ó ní ọmú ni lóòótọ́, pé ọ̀dọ́mọbìnrin ni ẹni mímọ́ yẹn, wọ́n gé ọmú rẹ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti sẹ́ Ọlọ́run, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà náà ní ọjọ́ ọdún rẹ̀. Inú dídùn ni ọkùnrin náà fi gbé e síwájú mi, ó ń dúró kí n tọ́ ọ wò. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni Kìtán fi mu ọmú mi. Ìwọ ni o ń bú mi pé kí n já a. Mo wo àkàrà yẹn títí, mo fi bébà bò ó.

Nígbà tí a jáde, Sherifat fẹ́ mú wa gba ọ̀nà mìíràn padà. Bàbá Kìtán ní rárá, òun fẹ́ rí òkun. Sherifat bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. A rìn dé etí èbúté, a dúró lẹ́yìn irin. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́, ó mọ́ gaara, kò jọ ohun tí ó lè pa ènìyàn. Ọkọ mi wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "Kìtán o!", bí ó ti máa ń pè é láti ìloro wa nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun tí ń kọjá yí ojú wò wá. Wọ́n rò pé orúkọ ẹni mímọ́ kan ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun a lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n gbé ṣòkòtò náà jáde nínú ọ̀rá. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, àǹkárá tí mo fi lẹ ibi tí ó ya ní orúnkún ṣì wà níbẹ̀, òwú mi ni, ọwọ́ mi ni. Mo ké. Ọmọbìnrin òyìnbó tí ó jókòó níbẹ̀ ní kí a wo fọ́tò ojú kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Bàbá Kìtán kò lè wò ó. Èmi ni mo wò ó.

Kì í ṣe Kìtán.

Monílọ́lá, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú yàrá yẹn, mo pàtẹ́wọ́, mo ń wí pé, "Ọmọ mi kọ́! Ọmọ mi kọ́!" Ìgbà náà ni Bàbá Kìtán fa fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó sì ní, "Dúró ni." Dúrótoyè ni. Àlàfo tí ó wà láàárín eyín rẹ̀ wà níbẹ̀. N kò mọ ohun tí ó mú kí wọ́n pààrọ̀ ṣòkòtò. Bóyá ọ̀kan tutù, bóyá eré ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn, Ọlọ́run gbọ́ ọ. N kò mọ bí mo ṣe lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n mú wa dé ibi tí wọ́n sin ín sí, nọ́ńbà nìkan ni ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Bàbá Kìtán kọ ọ́ gàdàgbà, ó fi gbogbo àmì sí i, ó ní kí Sherifat sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kankan kúrò. A dúró ní ipò òbí. A gbàdúrà. A wálé.

Ọjọ́ kejì tí a dé ni a gun ọ̀kadà lọ sí Ilu-Abo. Bísọ́dún ti gbọ́ pé a ti dé, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti se iyán dè wá. Bí ó ti rí mi ni ó sáré wá dì mọ́ mi, tí ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá Kìtán, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ káàbọ̀ sí ulé. Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ojú rẹ̀?" Ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. Bàbá Kìtán ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú erùpẹ̀, ó ní, "Ìyá Dúró, Dúró ni a bá níbẹ̀."

Ó ní, "Dúró wo?"

Bísọ́dún dìde, ó wọ ilé ìdáná, a gbọ́ bí ó ti ń sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó padà wá jókòó. Ó ní, "Ṣòkòtò Kìtán ni ó wọ̀?" Mo ní òun ni. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ta wá ni ó wọ ti Dúró?"

Kò bi mí láti fi ṣẹ̀sín. Èmi kò tilẹ̀ tíì rò ó débẹ̀. Àfi ìgbà tí ó sọ ọ́ tán ni igbe tirẹ̀ tó jáde, tí àwọn ará ilé sáré wọlé. A wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń se ògì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Bísọ́dún fi ẹsẹ̀ rìn wá sí Ọ̀bà-Ilé. Ó fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìyá Kìtán, ẹ gbà á. Bí wọ́n bá rí ṣòkòtò Dúró yẹn, èmi ni wọn yóò pè. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò gbọ́ tiyín kí ẹ tó gbọ́." Mo kọ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ.

Láti ìgbà náà, fóònù méjì ni ó wà nílé wa. Bí kò bá sí iná, Bàbá Kìtán á kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kó fi wọ́n sí jẹnẹrétọ̀, á sì jókòó tì wọ́n. Ó ń kó méjèèjì wọ kíláàsì. Onírúurú ènìyàn ni ó ń pe ti Bísọ́dún: ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀gẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù tí ó ń kọrin sí wa létí. Nígbàkúùgbà tí ó bá dún, ọkọ mi á dìde dúró, èmi á jókòó sílẹ̀. N kò mọ ohun tí n ó bẹ Ọlọ́run fún. Bí mo bá ní kí ó dún, kí ni mo ń pè wálé? Bí mo bá ní kí ó má dún, ọmọ mi ni mo ń fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nítorí náà n kì í gbàdúrà mọ́. Mo kàn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń jókòó.

O lè sọ fún àwọn tí ó ń bèèrè, o sì lè má sọ fún wọn, kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Bá mi kí Bàbá Precious. Bá mi fọwọ́ kan ikùn Precious, kí o sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kejì kí i. Bí àyè bá gbà ọ́, wá wò mí, má dúró de ọjọ́ ọdún. Bí àyè kò bá sì gbà ọ́, fi ìwé rán Jíbọ́lá. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rẹ́ àárín wa bẹ̀ ọ́, Monílọ́lá, má ṣe pè mí lórí fóònù.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí o mọ̀,
                                        Agnes Akíntóyè
                                        (Ìyá Kìtán).